Ọwọ́ Ọ̀tún Létí Dádì

Ìjókòó iwájú nínú bọ́ọ̀sì Dádì ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rù lè wọ inú apá èèyàn. Bí fóònù bá ti dún, èjìká ọ̀tún mi ló máa ń kọ́kọ́ tutù, òtútù náà á máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé ọmọ ìka, kí n tó nawọ́ mú fóònù náà níwájú ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àyà mi á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Dádì tí mo ń sọ yìí kọ́ ni bàbá tó bí mi lọ́mọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Nígbà tí mo fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní abúlé wa lẹ́bàá Ṣágámù, tí kò sì sí ẹni tó máa rán mi lọ síwájú, àwọn ni wọ́n mú mi wá sí Kétu kí n lè máa ran ìyàwó wọn lọ́wọ́. Ìyàwó wọn, tí mo ń pè ní Mọ́mì, ń ta ata gbígbẹ ní Mile 12. Dádì ní bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ti yọ gbogbo àga ẹ̀yìn rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti ata rodo láti ọjà lọ fún àwọn obìnrin tó ń tà á ní Alápẹ̀rẹ̀, ní Ọjọ́ta, àti kọjá ibẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti dilẹ̀ ní ìdí àtẹ Mọ́mì, wọ́n á ní kí n bá Dádì lọ, kí n máa ṣọ́ ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń já ẹrù.

Ìgbà tí mo ti dàgbà tó ẹni tó lè lọ sílé ọkọ ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo èèyàn. Dádì ra tiwọn, wọ́n fún gbogbo oníbàárà wọn ní nọ́ńbà, láti ọjọ́ náà ni wọn kò sì ti ní ìsinmi mọ́. Àwọn obìnrin yẹn á máa pè wọ́n pé ibo lẹ dé, ṣé tòmátì yẹn le, ẹ má kó èyí tó ti rọ̀ wá fún mi o. Dádì á fi ọwọ́ kan di sítíárìn mú, wọ́n á fi èkejì gbé fóònù sétí, wọ́n á sì máa pariwo bí ẹni tó ń pe èèyàn ní òdìkejì odò.

Ìgbà tó yá ni òfin dé. Rédíò ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ní àárọ̀, a ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́. Wọ́n ní ìjọba ti sọ pé dírẹ́bà kò gbọdọ̀ di fóònù mú nígbà tó bá ń wakọ̀. Kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, olúkúlùkù ní ọjà ti ní òfin tirẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀. Àwọn mìíràn ní wọ́n á gbé dírẹ́bà náà lọ sí Yábà láti lọ yẹ orí rẹ̀ wò, bí a ṣe gbọ́ pé wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ń gba wán-wéè, tí wọ́n ń wakọ̀ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ Yábà báyìí ní Èkó, tí kì í ṣe ọjà ló ń lọ, gbogbo wa la mọ ibi tó ń sọ. Ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé ni. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí àsọdùn, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́ pátápátá.

Dádì ro ọ̀rọ̀ òfin náà fún ìgbà díẹ̀, ojú wọn sì dán. Wọ́n ní, "Òfin ní dírẹ́bà ò gbọdọ̀ di fóònù mú. Ta ni dírẹ́bà? Èmi ni. Ta ló máa wá dì í mú? Ìwọ ni. Ó parí."

Inú wọn dùn sí i débi pé wọ́n sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wà níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Ọkùnrin kan ní ká ní Dádì kàwé ni, lọ́yà ni wọn ì bá jẹ́. Àwọn alábàárù fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà yẹn, àwọn obìnrin kan máa ń jókòó lábẹ́ agbòòrùn ńlá lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń gba owó kí èèyàn tó fi fóònù wọn pe ẹni tó fẹ́ pè. Bí àwọn alábàárù bá ti rí mi tí mò ń wọ iwájú bọ́ọ̀sì, wọ́n á ní, "Àǹtí Olókọ́ọ̀lù, agbòòrùn yín dà?" Òmíràn á bi mí bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lónìí. N kì í dáhùn. Èmi lè lo ọjọ́ kan gbáko láìsọ ju bẹ́ẹ̀ ni Sà, bẹ́ẹ̀ ni Mà. Ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òsì ni mo lò. Apá ọ̀tún Dádì ni mo jókòó sí, ọwọ́ òsì mi ló sì sún mọ́ etí wọn. Wọ́n yẹ orí kúrò bí ẹni tí oyin fẹ́ ta.

"Ọwọ́ òsì," ni wọ́n wí. "Sí etí èmi."

Wọn kò pariwo, ìyẹn ló jẹ́ kó burú. Mo tọrọ àforíjì, mo sì pààrọ̀ ọwọ́. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ ọ̀tún mi tó lè dé ibẹ̀, mo ní láti yí gbogbo ara padà. Mo ní láti kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, kí n gbé orúnkún kan sórí àga, kí n kọjú sí Dádì, kí n wá na apá síwájú wọn. Bí mo bá ti wà bẹ́ẹ̀, n kò rí títì mọ́. Etí Dádì nìkan ni mò ń rí, pẹ̀lú irun díẹ̀ tó hù sínú rẹ̀ àti òógùn tó ń sàn lẹ́bàá rẹ̀. Ariwo ni mo fi ń mọ ibi tí a wà. Bí fèrè tírélà tó ń kó ẹrù bọ̀ láti òkè Ọya bá dún lẹ́yìn mi, mo máa ń pa ojú dé. Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, fóònù á gbá Dádì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á sì sọ fún mi pé kí n di nǹkan mú bí èèyàn. Eré tí wọ́n ń sá kò dín kù nítorí ìpè. Bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ dùn, ńṣe ni wọ́n ń tẹ iná mọ́ ọn.

Ohun tí wọ́n ń fi sétí tí wọ́n fi ń gbọ́ ìpè láìgbé fóònù wà nínú ọkọ̀. Dádì ti rà á nígbà kan. Wọ́n ní wáyà rẹ̀ ń rìn wọ́n lára, wọ́n sì jù ú sínú àpótí iwájú ọkọ̀.

Nínú àwọn obìnrin tí a ń kó tòmátì fún, ọ̀kan wà ní Ọjọ́ta tí mo ń pè ní Ìyá. Ìyá ti rí mi títí nínú bọ́ọ̀sì yẹn kí wọ́n tó bi Dádì bóyá ẹnìkan ti ń bá mi sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan tó ń ṣe káfíńtà ní Ìkòsí. Ọmọ náà wá sí ilé wa, ó jókòó sí iwájú yàrá, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ igi fún mi, pé igi kan wà tó máa ń rún èèyàn nímú, pé òmíràn wà tó ń rùn bí ọṣẹ. Mo rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò tilẹ̀ sọ fún òun alára.

Ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ kò tíì wá tọrọ mi. Wọ́n rán èèyàn lọ sí abúlé wa láti lọ ṣe ìwádìí, bí gbogbo ẹbí ṣe ń ṣe, bóyá wárápá wà ní ìdílé wa, bóyá wèrè wà níbẹ̀. A ń retí kí ẹni náà padà dé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Yábà fi ń lé oorun kúrò lójú mi. Bí wọ́n bá gbé mi débẹ̀, kódà kí dókítà wò mí lẹ́ẹ̀kan kó ní kí n máa lọ, ta ló máa jókòó ṣàlàyé fún ẹbí ọkọ pé fóònù ló fà á?

Ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, òjò ti rọ̀ ní àárọ̀, títì sì ń yọ̀. A di tòmátì kún ọkọ̀ ní Mile 12. Kí a tó dé Kétu, fóònù dún. Mo yí ara padà bí mo ṣe máa ń ṣe, mo gbé e sétí Dádì. Ohùn Ìyá ló jáde. Wọ́n ń sọ fún Dádì pé kí wọ́n má kó apẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀ fún àwọn, nítorí ti ìsàlẹ̀ ló máa ń fọ́. Dádì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ni yóò wá gba ti ìsàlẹ̀ nígbà náà.

Wọ́n fẹ́ ya sí apá ọ̀tún, kí wọ́n bọ́ sí ọ̀nà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá. Orí àti èjìká mi ló dí dígí ẹ̀gbẹ́ tí wọn ì bá fi wo ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí n tẹ orí sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ti pẹ́ jù.

Obìnrin kan ló pariwo. Dádì tẹ bíréèkì, ẹ̀yìn mi gbá ilẹ̀kùn, apẹ̀rẹ̀ kan dojú dé lẹ́yìn wa. Nígbà tí mo yíjú wo ìta, mo rí ọ̀kadà kan tó ti gun etí gọ́tà. Obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ tó wọ aṣọ ilé ìwé ló wà lẹ́yìn ọlọ́kadà náà. Wọn kò ṣubú. Obìnrin náà sọ ọmọ kalẹ̀, ó fọwọ́ pa á lórí, ó pa á lẹ́sẹ̀, ó tún padà sí orí. Kò bú wa. Ó kàn wo ojú mi láti ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọkọ̀ lójú títì wà nítòsí, ọkùnrin kan àti obìnrin kan tó dàgbà jù ú lọ. Kí n tó mọ̀, ọkùnrin náà ti dé fèrèsé Dádì. Apá mi ṣì wà ní nínà, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó bi Dádì pé ta ló ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Dádì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọ̀gá, ẹ wo ọwọ́ mi, òfìfo ni. Òfin ní dírẹ́bà ò gbọdọ̀ di fóònù mú. Mi ò dì í mú."

"Etí ta ló wà?"

Dádì wò mí. "Ọmọ yìí ló dì í mú," ni wọ́n wí.

Ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi tí wọ́n sì tì mí jáde. Òṣìṣẹ́ obìnrin náà ti yí wá sí apá ọ̀dọ̀ mi. Ó bi mí bóyá èmi ni lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ọkùnrin náà wá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí àwa méjèèjì máa bọ̀, ká jọ lọ yẹ orí wa wò ní Yábà. Bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni o, n kò mọ̀ títí di òní. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn kékeré láti inú fóònù.

"Ẹ̀lóò? Ta ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Yábà?"

Ìyá kò tíì lọ. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ tẹ ibi tí wọ́n fi ń gé e, ṣùgbọ́n ìka mi kò gbọ́ tèmi mọ́.

Òṣìṣẹ́ obìnrin náà ní kí n fi bí mo ṣe di fóònù mú han òun. Mo gbé orúnkún sórí àga, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo na apá ọ̀tún dé etí Dádì. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò lo ọwọ́ tó sún mọ́ ọn.

"Ọwọ́ òsì ni, Mà," ni mo wí. "Dádì sì ni wọ́n."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu ara bọ́ọ̀sì. Òṣìṣẹ́ obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí ọmọ ilé ìwé yẹn, tí ìyá rẹ̀ ti gbé mọ́ra báyìí.

"O bọ̀wọ̀ fún Dádì ẹ, ó dáa," ó wí. "Ọ̀wọ̀ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ yẹn."

Wọn kò gbé wa lọ sí Yábà. Wọ́n mú Dádì àti bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọn kò sì fi wọ́n sílẹ̀ títí Dádì fi san owó ìtanràn. Wọ́n ní kí èmi máa lọ sílé. Mo fi ẹsẹ̀ rìn. Fóònù ti kú sí mi lọ́wọ́, n kò sì mọ ìgbà tó kú.

Kí n tó dé ilé, ìròyìn ti ṣíwájú mi dé ọjà. Mọ́mì sọ fún mi pé ẹni kan ti wá kí àwọn kú ìrọ́jú, pé òun gbọ́ pé wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí Yábà. Òmíràn bi wọ́n bóyá mo máa ń sùn dáadáa. Láti ọjọ́ náà, àwọn alábàárù kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Wọ́n ń yà fún mi ni, ìyẹn sì dẹ́rù bà mí ju yẹ̀yẹ́ lọ. Mo wá ń ṣọ́ ara mi. N kì í jẹ́ kí gèlè mi wọ́. Bí orin bá wá sí mi lẹ́nu níbi tí mo ti ń ṣa ata, mo máa ń gbé e mì. Bí mo bá rántí ohun tó dùn, mo máa ń wò yíká ná kí n tó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì ti lọ. Káfíńtà kò wá. Ìyá kò pe Dádì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò pe Mọ́mì. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ó ti tán.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni Ìyá wọlé tọ̀ wá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí mo ti lè gbọ́ láìjẹ́ pé mò ń dá sí i. Dádì kò jẹ́ kí Ìyá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Yábà tí Ìyá gbọ́ létí lọ́jọ́sí, ọjà Yábà ni, pé àwọn ní ẹrù tí àwọn fẹ́ já níbẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé ẹrù náà dáadáa. Ìyá fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n fi parí.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá ní àwọn gbọ́ gbogbo rẹ̀, pé fóònù kò kúrò létí àwọn títí ó fi gé fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí àwọn rán sí abúlé wa ti dé, kò sì sí àbùkù kankan ní ìdílé wa.

"Ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá," ni Ìyá wí. Ohùn wọn yí padà. "Mo gbọ́ nígbà tí obìnrin yẹn pariwo. Mo rò pé ọmọ yìí ló kú. Èmi ni mo pè yín, Dádì. Nítorí apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Láti ọjọ́ náà mi ò lè fọwọ́ kan fóònù yẹn láìgbọ̀n. Ìyàwó ni mo wá fún ọmọ mi, mi ò wá òkú."

Wọ́n wá bẹ Dádì pé kí wọ́n má jẹ́ kí n di fóònù fún wọn mọ́.

Mo rí i tí ojú Dádì le. Wọ́n ní a kò tíì ṣe ìdána, a kò tíì ṣe ohunkóhun, inú ilé àwọn ni mo ṣì wà, ọmọ àwọn sì ni mí. Wọ́n ní èmi gan-an kò ráhùn rí. "Ẹ bi í, ó ń gbọ́ wa. Ṣé ó sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ò fẹ́?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀rù ìṣẹ́jú yẹn. Bí mo bá ní kò sí wàhálà, bọ́ọ̀sì náà ni mò ń padà sí lọ́la, ẹ̀yìn mi sí fèrèsé. Bí mo bá sì ta ko Dádì níwájú àlejò, obìnrin tó máa jẹ́ ìyá ọkọ mi yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i pé mò ń já àgbà níyàn. Ta ló ń fẹ́ irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀? Mo wo Mọ́mì. Mọ́mì ń wo ife omi tó wà lọ́wọ́ wọn.

Mo kúnlẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó kéré, ṣùgbọ́n ó jáde.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè dì í mú mọ́."

Dádì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá kò yìn mí, wọn kò sì bá mi wí, n kò lè ka ojú wọn rárá. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n gbé báàgì, wọ́n dìde. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dúró, wọ́n sì bi Dádì pé ìgbà wo ni kí àwọn èèyàn àwọn wá tọrọ.

Dádì nawọ́ mú fóònù wọn, wọ́n sì tún gbé e sílẹ̀.

"Ẹ pè mí," ni wọ́n wí níkẹyìn. Wọ́n wo ojú mi. "Ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí ọkọ̀, kí n dé ilé ná, kí ẹ tó pè."

Ìyá ní ó dáa, wọ́n sì jáde. Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n dìde.